Àwọn Awakọ̀ Òfuurufú Lóko Àna

Ní agboolé wa ní Ìṣẹ́yìn, òfì ni a fi ń díwọ̀n ènìyàn. Bàbá mi ń hun aṣọ, bàbá tirẹ̀ náà hun ún, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì tò tì í lábẹ́ àtíbàbà kan ṣoṣo bí ẹni pé ìdí òfì ni ìyá wọn ti bí wọn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi parí ìwé mẹ́wàá, tí ó ní òun fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ti ń wa bàálù, a rò pé bàbá mi yóò bínú. Kò bínú. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé ìdúró ni wọ́n fi ń wà á ni, àbí ìjókòó?"

A ní ìjókòó ni.

"Kí ni wọ́n wá ń fi ẹsẹ̀ ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan, wọ́n sì ń fi ọwọ́ fa nǹkan.

"Òfì náà ni," bàbá mi wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe lọ sí òkè Ọya lọ kọ́ṣẹ́. Owó epo ń ṣàn nígbà náà. Ìjọba ń ra bàálù bí ẹni ń ra bàtà ọdún, wọ́n sì ń wá ọmọ tí yóò wà á. Nígbà tí ó yá, ilé iṣẹ́ kan ní Èkó gbà á, ó sì ń gbé èrò lọ sí Kánò àti Sókótó. Bí ó bá ń bọ̀ wálé, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ni í wọ̀ láti Èkó, nínú tasín tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé tì. Ṣẹ́ẹ̀tì náà á funfun nígbà tí ó bá kúrò ní Èkó. Kí ó tó dé Ìṣẹ́yìn, àwọ̀ rẹ̀ á ti di ti ojú ọ̀nà. Fìlà rẹ̀ nìkan ni eruku kì í rí, nítorí inú ọ̀rá ni ó ń gbé e sí, lórí itan, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Tí ó bá ku díẹ̀ kí wọ́n dé ibùdókọ̀, yóò yọ fìlà, yóò dé e, yóò wọ awò dúdú rẹ̀, yóò sì sọ̀ kalẹ̀.

"Kápútéènì ti dé," ni àdúgbò máa ń wí.

Kì í ṣe Kápútéènì. Igbákejì awakọ̀ ni. Nínú iṣẹ́ wọn, okùn wúrà mẹ́rin ni ọ̀gá ń fi sí èjìká, méjì ni tirẹ̀. Èmi mọ̀, nítorí ó sọ fún mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń ka okùn ní àdúgbò wa, òun náà kò sì rí ìdí tí òun yóò fi máa kọ́ wọn ní ìṣirò. N kò lẹ́nu láti bú u. Nígbà tí èmi náà gboyè jáde ní yunifásítì, kí ìwé ẹ̀rí mi tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ó ti kọ́kọ́ yà ní ọ̀dọ̀ káfíńtà tí ó bá mi fi férémù sí i. Ilé kan náà ni wọ́n ti bí àwa méjèèjì.

Ilé ìwòsàn ni ó ti rí ọmọbìnrin náà. Ibà dá ìyá wa dùbúlẹ̀, wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù, ẹ̀gbọ́n mi sì wọlé lọ kí i pẹ̀lú fìlà àti awò. Nọ́ọ̀sì kan gbójú sókè láti ìdí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fìlà yín. Àwọn aláìsàn mi rò pé ọlọ́pàá dé. Ọ̀kan ti fẹ́ sá lọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ omi lápá."

Ó ṣí i. Lọ́jọ́ kejì kò dé fìlà wá. Lọ́jọ́ kẹta kò wọ awò. Kí ìyá mi tó lè dìde jẹ ẹ̀kọ, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi pé òun ti rí ìyàwó, àti pé bí kì í bá ṣe ọmọbìnrin yìí, òun kò tún wá ẹlòmíràn mọ́. N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọmọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni ọmọbìnrin náà. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá rẹ̀.

Àkókò tí ó yàn láti gbéyàwó ni kò dára. Owó epo ti gbẹ. Àwọn ológun ti padà sórí oyè, a sì ń tò kí a tó ra wàrà àti ọṣẹ ìfọṣọ. Bàálù kò sàn ju ènìyàn lọ: kò rí táyà, kò rí ohun èlò. Ní ilé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn bàálù dúró sílẹ̀ bí ewúrẹ́ tí òjò lé sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń tú ti ọ̀kan láti fi tún òmíràn ṣe. Ó ti lé ní oṣù méjì tí ẹ̀gbọ́n mi ti fò gbẹ̀yìn. Wọn kò lé e. Wọ́n kàn ní kí ó lọ sinmi, àwọn yóò ránṣẹ́ pè é. Èmi nìkan ni ó sọ fún, mo sì fún un ní ìmọ̀ràn ọ̀mọ̀wé.

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni títí a ó fi gba ìyàwó."

"Bí wọ́n bá béèrè ńkọ́?"

"Àgbẹ̀ wo ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni yóò béèrè bóyá bàálù ní táyà?"

A lọ tọrọ ọmọ ní ọjọ́ Àìkú kan, bàbá mi, ẹ̀gbọ́n mi, àti èmi. A gba Otu kọjá, eruku sì pa gbogbo wa láró kan náà. Wọ́n mú mi dání nítorí pé èmi ni mo lè fi Yorùbá tó jinlẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ bàálù.

Bàbá ọmọ náà jókòó lórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlàájì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ojú òsì rẹ̀ ti funfun, kò ríran. Ojú ọ̀tún ni ó fi ń wò wá, ó sì ń ṣiṣẹ́ ojú mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ wà, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé. Ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì gbà láti tẹ̀. Sójà ni wọ́n ń pè é nílé.

"Iṣẹ́ wo ni ọmọ yín ń ṣe?" Àlàájì bi bàbá mi.

Bàbá mi wò mí. Mo wúkọ́ díẹ̀.

"Àlàájì, ní ayé tí a wà yìí, nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí àwọn ènìyàn dúdú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́ wò, ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn àṣàyàn tí..."

"Ọmọ mi, iṣẹ́ ni mo béèrè."

"Ó ń wa bàálù."

"Ó dáa. Mo ti wọ̀ ọ́ rí." Àlàájì yí ojú rere rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi. "Láti Kánò dé Jẹ́dà, mi ò fojú kan awakọ̀. Bí mo bá wọ ọkọ̀ láti ibí lọ sí Ìbàdàn, mo máa ń kí awakọ̀ dáadáa kí n lè mọ̀ bóyá oorun ń kùn ún. Mo dìde kí n lọ kí ẹni tó ń gbé wa lọ sí Mẹ́kà, ọmọbìnrin kan ní kí n jókòó. Ó ní awakọ̀ ti tilẹ̀kùn. Ìwọ náà máa ń tilẹ̀kùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Òfin ni."

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ń jókòó," bàbá mi dáhùn, kí ó lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìwọ lo ni bàálù náà?"

"Rárá, bàbá. Ilé iṣẹ́ ló ni ín."

"Tí ọlọ́jọ́ bá dé, ṣé àwọn ọmọ rẹ á jogún ìjókòó rẹ níbẹ̀?"

"Rárá, bàbá."

"Fìlà yìí ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo fìlà tí ó wà lórí itan rẹ̀. "Ilé iṣẹ́ náà ló ni ín."

Àlàájì mi orí. Kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó ń béèrè bí ẹni tí ń fi èékánná ha iṣu wò kí ó tó rà á ni. "Títí di ìgbà wo lo lè máa wà á?"

"Títí ara bá gbà, bàbá. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni dókítà ń yẹ ojú wa wò, àti etí, àti ọkàn."

"Bí ojú kan bá ṣókùnkùn?"

"Wọ́n á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mi."

"Èyí ṣókùnkùn kí ìyá ọmọ tí ẹ wá tọrọ yìí tó bí i." Ó fi ìka kan ojú òsì rẹ̀. "Ẹ wo àká mi lẹ́yìnkùlé yẹn. Ọkọ́ ò bi mí léèrè ojú."

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n férémù ṣì wà lórí ìwé ẹ̀rí mi. "Àlàájì, ẹni tí ń gbé ọgọ́rùn-ún ènìyàn lójú òfuurufú nílò ojú méjì."

"Òótọ́ ni," ó wí. "Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Iṣẹ́ tí ojú kan lè já gbà mọ́ni lọ́wọ́, ṣé iṣẹ́ tí a lè fọmọ fún ni?"

Mo yíjú wo àká náà.

Sójà, tí kò tíì sọ̀rọ̀, na ọrùn wo èjìká ẹ̀gbọ́n mi. "Kí ni wọ́n ń pè é nílé?"

"Kápútéènì," bàbá mi fi ìgbéraga dáhùn.

"Pẹ̀lú okùn méjì? Èmi gan-an ti gbé okùn méjì rí. Kọ́púrà ni, ọmọ ogun kékeré." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, Kọ́púrà ni wọ́n gbé wá. Wọ́n wá pè é ní Kápútéènì."

Mo rí i pé Àlàájì ń dúró, kò sì wo Sójà. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń wò. Mo ti ń to àlàyé kan jọ lórí bí okùn awakọ̀ ṣe yàtọ̀ sí okùn ológun, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ṣáájú mi.

"Èmi kì í ṣe Kápútéènì, bàbá. Igbákejì awakọ̀ ni mí. Àdúgbò ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi wò ó bí ẹni wo aṣọ tí òwú rẹ̀ já láàárín. Àlàájì ń fi ìka ka ilẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀.

"Mi ò mọ bàálù tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa," ó wí níkẹyìn. "Ebè ni mo mọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ gbé ìyá ọmọ yìí, mo kó ẹgbẹ́ mi lọ sóko bàbá rẹ̀, a ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Kí òun náà wá ṣe tèmi. Igba ebè méjì. Tí ó bá ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dáa lẹ́nu mi. Tí kò bá ṣe é, kí kálukú máa lọ ní tirẹ̀."

Igba ebè kan ni iṣẹ́ ọjọ́ kan fún géńdé àgbẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Igba méjì kì í ṣe ìyà. Ẹ̀rín ni àgbẹ̀ méjì yóò fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ ahunṣọ ni wá. Láti ìran dé ìran, ìdí ni a fi ń ṣiṣẹ́.

Bàbá mi ní, "Àlàájì, a lè wá alágbàṣe tí yóò..."

"Mo ní alágbàṣe. Ẹ̀yìn ọmọ yìí ni mo fẹ́ wò bó ṣe ń tẹ̀. Kí ó sì kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Mi ò fẹ́ ahunṣọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń tilẹ̀kùn mọ́rí yẹn ni mo fẹ́ rí."

Lójú ọ̀nà bí a ti ń padà lọ, ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Ó yẹ kí n sọ fún un pé a ò fò mọ́."

"Ẹ ti sọ Kápútéènì nù lónìí," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí bàálù ṣẹ́kù."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, àwọn awakọ̀ mẹ́ta dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí nínú Pijó kan. Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ sì ṣì rọ̀. Ọ̀kan ni ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Òun ni Kápútéènì gidi. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Èkó tí kò mọ̀ ju pé láti inú àpò ni iṣu ti ń jáde. Ẹni kẹta, tí ó kéré jù nínú wọn, jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ láti Ìgbẹ́tì. Wọ́n gbé tíì wá nínú fíláàsì. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Àwọn ọmọ ilé Àlàájì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko láti wo eré ọ̀fẹ́.

Kí a tó gbé ọkọ́, ọ̀gá yọ bébà kan nínú àpò. Ó ní àwọn kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìkà á.

"Ọkọ́."

"Márùn-ún," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

"Èèkù ọkọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi mi èèkù márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan. "Wọ́n le."

"Omi."

"Kẹ́ẹ̀gì méjì."

"Ejò."

Ẹ̀rín sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko. Sójà ti fẹ́ ṣubú. "Wọ́n ń pe ejò ní orúkọ. Kọ́púrà, bóyá á dáhùn."

"A ò rí ejò, sà," ẹ̀gbọ́n mi ní.

"Ẹ ti wá a?"

"Rárá, sà."

"Nígbà náà, ẹ kò mọ̀. Ẹ wá a."

Wọ́n mú igi, wọ́n ń tú pòròpórò àgbàdo ọdún tó kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi dé ìdí òkìtì kan. Paramọ́lẹ̀ ká jọ síbẹ̀, ó sanra bí ọwọ́ mi. Sójà fi àdá rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín sí bébà mọ́. Ìyẹn kò ní kí wọ́n má rẹ́rìn-ín sí wa.

"Kọ́púrà, ebè ni wọ́n ní kí o kọ, kì í ṣe ibojì ọmọ adìyẹ."

"Ẹ jẹ́ kó sinmi, Sójà. Ẹ ò rí i pé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ti dọ̀tí?"

"Ọ̀mọ̀wé yẹn ńkọ́? Ó ti tó ebè mẹ́ta báyìí. Ṣé kì í ṣe pé ó ń kọ ìwé nípa rẹ̀?"

Èmi ni wọ́n ń bá wí. N kò ní èémí tí mo lè fi dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti mú òwú gígùn kan wá láti ìdí òfì bàbá mi. Ó ta á láti èèkàn dé èèkàn, a sì ń kọ ebè tẹ̀lé e. Ìlà náà tọ́. N kò tíì rí ebè tí ó tọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àlàájì jókòó lábẹ́ igi òrí, ó ń wò wá. Ìgbà kan tí Sójà fẹ́ sọ̀rọ̀, mo rí i tí ó fi ọwọ́ kàn án lórúnkún pé kí ó dákẹ́.

Oòrùn ti ga, a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọgọ́rùn-ún ebè, nígbà tí ọmọ Ìgbẹ́tì dúró, tí ó gbé ojú sókè wo oko láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Sà," ó sọ fún ọ̀gá, "a ti ṣìnà. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ìlà wa kọjú sí. Tí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá rọ̀, á gba àárín ebè sáré, á sì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ó yẹ kí a dábùú rẹ̀ ni."

Ọ̀gá fi ọkọ́ sílẹ̀, ó wo ilẹ̀. Irun funfun, iṣẹ́ ogún ọdún, àtẹ́lẹwọ́ tí ó ti bó. Mo retí pé yóò ní kí ọmọ náà máa ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe.

"Òótọ́ lo sọ. O ṣeun," ó ní. "Ẹ yí òwú padà. A ó tún un kọ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ebè. Kò sí ẹni tí ó ráhùn àfi èmi, èmi náà sì ń ráhùn sínú. Àlàájì dìde kúrò lábẹ́ igi, ó wá bá wa.

"Láti ìgbà tí ẹ ti kọ ebè kẹwàá ni mo ti rí i," ó sọ fún ọ̀gá. "Mo ní kí n wo ẹni tí yóò sọ ọ́. Ọmọ yìí, ṣé ó kéré sí ọ níṣẹ́?"

"Ó kéré sí mi gan-an, bàbá."

"Ó sì lè sọ fún ọ lójú gbogbo ènìyàn pé o ṣìnà?"

"Òfin iṣẹ́ wa ni, bàbá. Wọ́n kọ́ ọ ní iléèwé pé kí ó sọ ọ́, wọ́n sì kọ́ èmi náà pé kí n gbọ́. Tí ojú bá tì í láti sọ fún mi pé òkè wà níwájú, gbogbo wa la jọ máa kú. Òun á kàn kú pẹ̀lú ìtẹríba ni."

Àlàájì rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a rí eyín rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Àílà, oúnjẹ dé. Nọ́ọ̀sì àti ìyá rẹ̀ ni ó gbé e wá, iṣu sísè pẹ̀lú epo àti ata, àti ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ti yan gbẹ. Ọmọbìnrin náà ti gba àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ láti wà níbẹ̀. Ó gbé àwo síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti yọ omi, ó sì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. A ń jẹun. Àlàájì bu iṣu tirẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó fi omi sí i, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ènìyàn.

"Òní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ ni. Ọ̀gá awakọ̀ nìyí. Igbákejì nìyí. Awakọ̀ méjì mìíràn nìyí." Ó wò wá. "Ta ló wá ń wa bàálù?"

Ọmọ Èkó gbé iṣu dúró lẹ́nu. Mo yára bọ́ síbẹ̀.

"Wọ́n gba ìsinmi, Àlàájì. Ilé iṣẹ́ wọn bọ̀wọ̀ fún àṣà wa."

"Ilé iṣẹ́ Èkó wo ló ń bọ̀wọ̀ fún àna ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí?" Sójà béèrè.

"Àwọn ọ̀gá ńlá ibẹ̀ ni, wọ́n mọ pàtàkì..."

"Àbúrò mi ṣìnà, bàbá," ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó fi iṣu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bàálù wa kò fò mọ́. Kò sí táyà, kò sí ohun èlò. Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí. Kí n tó wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ yín ni mo ti mọ̀, mi ò sì sọ."

Mo ní láti sọ ọ́, nítorí ojú Àlàájì kò kúrò lára rẹ̀: "Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ."

"Mo mọ̀," Àlàájì ní. "Ó ti hàn pé ìmọ̀ràn tó ti iléèwé wá ni." Ó padà sí ẹ̀gbọ́n mi. "Bí bàálù bá dìde?"

"Màá wà á, bàbá."

"Bí kò bá dìde?"

"Mi ò mọ̀. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn."

"Mo ní ọmọkùnrin kan ní iléèwé ní Ṣakí. Bí ó bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, kí n jẹ́ kó lọ?"

Ọ̀gá ni ó kọ́kọ́ dáhùn. "Ẹ má jẹ́ kó lọ, bàbá. Nínú ogún ọdún, ilé àlejò tí mo sùn sí pọ̀ ju ilé mi lọ. Ìyàwó mi ló tọ́ àwọn ọmọ. Àkọ́bí mi ní òun fẹ́ wa bàálù, mo ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, kó lè máa gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ro ó. "Tí ó bá jẹ́ nítorí fìlà ni, kó má lọ. Ìtìjú fìlà ju ọlá rẹ̀ lọ. Tí ó bá jẹ́ nítorí owó, owó náà ti ń gbẹ. Ṣùgbọ́n àwọn òwúrọ̀ kan wà, bàbá, tí a máa ń kọjá lókè ibí kí oòrùn tó kan ilẹ̀. Màá rí òkè Ìgbẹ́tì, kùrukùru á yí ìdí rẹ̀ ká. Màá rí oko, gbogbo ebè á tò kéékèèké bí ojú aṣọ bàbá mi. Mo ti rí oko yín bóyá ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, mi ò mọ̀ pé bí ẹ̀yìn ṣe ń ro àwọn tó ń kọ ọ́ nìyí. Tí wọ́n bá dá mi padà sí ọmọ ogún ọdún, màá tún lọ. Ṣùgbọ́n màá kọ́ iṣẹ́ kejì mọ́ ọn kí n tó lọ."

Àlàájì pe ọmọbìnrin rẹ̀.

"O gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́, bàbá."

"O mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò fò mọ́?"

"Mo mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n bu omi tútù lù.

"Ìyá rẹ̀ ti gbádùn, wọ́n ti dá a padà sílé," ọmọbìnrin náà ní, "síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń wá sí wọ́ọ̀dù wa. Awakọ̀ bàálù wo ló ráyè bẹ́ẹ̀? Ó ti kí aláìsàn tí kò mọ̀ rí títí wọ́n fi rò pé àlùfáà ni. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Mo ń retí kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ni."

"Tí kò bá sọ ọ́ lónìí ńkọ́?" Sójà béèrè.

"Màá kó àwo mi, màá sì padà síbi iṣẹ́."

Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ iye ìwọ̀n oògùn. Mo wo àwo tí ó wà níwájú wa, mo sì rí bí ìmọ̀ràn mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o lọ.

Àlàájì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Èmi rò pé iṣẹ́ bàálù kò dáa fún ẹni tó ń fẹ́ ilé. Mi ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ṣùgbọ́n ọkọ tí ẹni tó kéré sí i lè sọ fún pé ó ṣìnà, tó sì lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣìnà, mi ò rí púpọ̀ wọn láàárín àwa tí a ń kọ ebè." Ó dìde. "Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ kó mú ọjọ́ wá. Kọ́púrà, àádọ́ta nínú àwọn ebè yìí, tìrẹ ni. Wá gbin iṣu sí i. Kó máa ta nígbà tí bàálù bá ń sùn."

"Ẹ ṣeun, bàbá." Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ oko, pẹ̀lú ọwọ́ tí ó bó.

"Má tíì dúpẹ́. Ebè mélòó ló kù?"

Ọmọ Ìgbẹ́tì kà á. Ó ku igba méjì ó dín mọ́kànlá.

A padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo kọ ebè kan, mo bẹ̀rẹ̀ èkejì, oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú mi, mo sì fi ara ti ọkọ́. Nọ́ọ̀sì ń kó àwo jọ. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó fún ìró rẹ̀ mọ́ ìdí, ó wá gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ lọ jókòó, àbúrò ọkọ mi. Ẹ máa bá wa pọn omi."

Ìyá rẹ̀ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, pé ìyàwó kì í bá wọn ṣe ọ̀wẹ̀ ara rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Tí a bá ń wò wọ́n, òjò ló máa bá wọn níbí." Ó bọ́ sí ìlà tí ó kàn ti ẹ̀gbọ́n mi. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó kọ ẹyọ kan, ó ti kọ méjì, tirẹ̀ sì ga dé itan. Ìgbà tí wọ́n dé ààrin oko, ó dúró, ó fi ẹsẹ̀ kan ebè tí ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ó wó.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ebè náà, ó wo ọmọbìnrin náà, ó sì fa ọkọ́ láti tún un kọ. Èmi gbé kẹ́ẹ̀gì, mo lọ pọn omi.